Ta Ló Yan Bùráúsà Tí A Fi Ń Wọ Báńkì?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í yé bi mí. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH á bi mí ní Under G, oníṣòwò á bi mí ní Sábó, àwọn ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn: "Bùráúsà wo ló dáa jù láti fi wọ báńkì? Èwo ni gbájúẹ̀ ò ní lè bá mi níbẹ̀?" Bùráúsà, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń wí. Mo máa ń dáhùn, torí ìbéèrè gidi ni, owó tí àwọn èèyàn làágùn kí wọ́n tó rí ló sì wà ńdìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé ẹni tó ń béèrè kọ́ ló ń yan bùráúsà náà, èmi tí wọ́n ń bi náà kọ́. Àwọn tó ń ṣòfin ti bá wa yan púpọ̀ nínú ẹ̀ kí a tó mú fóònù dání. Òfin Amẹ́ríkà kan tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí wà níbẹ̀. Ìwé ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀, CBN tí gbogbo wa mọ̀, ń fi ránṣẹ́ láti Àbújá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́, ibi tí mo sì fẹ̀yìn tì rèé. Òfin tó bá dárúkọ irinṣẹ́ máa ń di ẹrù sí ará ìlú lọ́rùn nígbà tí irinṣẹ́ yẹn bá gbó. Òfin tó bá sọ ẹni tí àdánù máa já lé lórí, ìyẹn ló ń mú kí báńkì fúnra ẹ̀ dìde wá ààbò. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí n tó padà sílé.

Kí ọdún 2000 tó wọlé, ohun ìjà ni ìjọba Amẹ́ríkà ka ìmọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, kí ẹlòmíràn má lè kà á, sí. Títí di 1996, inú ìwé kan náà tí wọ́n to ìbọn àti àgbá sí ni wọ́n to ìmọ̀ náà sí, ilé iṣẹ́ tó bá sì fẹ́ tà á fún ará òkè òkun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí Netscape, bùráúsà tó gbajúmọ̀ jù láyé ìgbà náà, fi jáde ní oríṣi méjì. Èyí tó wà fún àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo kọ́kọ́rọ́ 128-bit. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó ń ṣí àdììtú ni kọ́kọ́rọ́ yìí, bí bit ẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà náà ṣe gùn tó. Èyí tí wọ́n gbà kó jáde sí ayé tó kù ń lo 40-bit.

Ẹni tó bá fẹ́ já kọ́kọ́rọ́ 40-bit ní láti dán nǹkan bíi tírílíọ̀nù kan nọ́ńbà wò. Lójú èèyàn, ó pọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, kò tó nǹkan. Tí a bá fi bit ẹyọ kan kún un, iṣẹ́ tó wà níwájú olè á di ìlọ́po méjì, tí a bá sì fi òmíràn kún un, ìlọ́po méjì ìyẹn náà ni. Ìgbà 88 la máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó dé 128. Ní 1995, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Damien Doligez já àdììtú 40-bit ti Netscape láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nílé iṣẹ́ ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ ló fi ṣe é. Kò ra ẹ̀rọ kankan lọ́tọ̀.

Gúúsù Kòríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fẹ́ kí owó ará ìlú wọn wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn lè já láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, KISA, kọ́wọ́ ti àdììtú tiwọn, wọ́n parí ẹ̀ ní 1998, wọ́n sì pè é ní SEED. 128-bit ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn gan-an, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé orílẹ̀-èdè kan lè kọ̀ láti gba àjẹkù.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí bùráúsà kankan tó mọ SEED. Wọ́n ní láti wá ohun tí wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ bùráúsà, ohun tó sì wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni ActiveX ti Microsoft, tí kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn àfi nínú Internet Explorer, bùráúsà Microsoft fúnra ẹ̀, lórí Windows. Ní 1999 wọ́n tún ṣe òfin ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ. Òfin náà gbé ìwé ẹ̀rí kan kalẹ̀, fáìlì orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́rìí pé ìwọ gan-an ni, tí àwọn iléeṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan lè fún èèyàn. Ìlànà àwọn báńkì wá sọ ọ́ di dandan: ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó ra ọjà tí owó ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́. Òun àti ActiveX ló sì jọ ń rìn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2000, Amẹ́ríkà tú okùn tó fi so kọ́kọ́rọ́ 128-bit. Gbogbo bùráúsà tó wà láyé ló wá ní àdììtú tó lágbára nínú láìfi ohunkóhun lẹ̀ ẹ́. Ohun tí Kòríà torí ẹ̀ ṣe SEED ti lọ. Ìlànà dúró síbẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Orílẹ̀-èdè tí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ yá ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé lọ ni ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Apple, tàbí ẹni tó fẹ́ràn bùráúsà mìíràn bíi Firefox, ò ti lè wọ báńkì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ewé ìjọba pàápàá ò ṣí fún wọn. Àwọn tó ń lo Internet Explorer náà ò sinmi. Kí wọ́n tó fi owó ráńpẹ́ ránṣẹ́, báńkì á ní kí wọ́n fi ohun tó ń ṣọ́ kíbọ́ọ̀dù sórí kọ̀ǹpútà, á tún ní kí wọ́n fi ohun tó ń lé kòkòrò sí i, lẹ́yìn náà ohun tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ojú fèrèsé kékeré kan á yọ: "Ṣé kí n fi sórí ẹ̀rọ?" Wọ́n á tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Òmíràn á yọ. Wọ́n á tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Ohun tí ààbò nílò lọ́wọ́ ará ìlú jù lọ ni kí ó máa dúró bi ara ẹ̀ pé, kí ló dé tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí fi fẹ́ fi nǹkan sórí ẹ̀rọ mi? Ìlànà tó yẹ kó dáàbò bo àwọn èèyàn náà ló kọ́ wọn fún ogún ọdún pé kí wọ́n má bi ara wọn. Ó kọ́ ọmọdé, ó kọ́ àgbà, pé bí ohun tó yọ lójú kọ̀ǹpútà bá ti ní òun wá láti báńkì, kí èèyàn tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kó máa lọ. Ẹ wo bí ó ṣe jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ BVN ní oṣù kejì ọdún 2014, àtẹ̀jíṣẹ́ "tẹ ibí yìí kí wọ́n má baà ti àkáǹtì rẹ" ò tíì dáwọ́ dúró lórí fóònù wa. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ìlànà tuntun bá jáde, NIN, BVN, ìforúkọsílẹ̀ síìmù, ìbẹ̀rù á mú àwọn èèyàn, wọn ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti báńkì lóòótọ́. Ẹ̀yìn ìlànà gidi ni irọ́ ń sá pamọ́ sí. Tí CBN bá fún wa ní gbèdéke lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àwọn ọmọ yẹn á ti ṣe ojú ewé tó jọ ti báńkì rẹ bí ìbejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Kòríà, Kim Keechang ti Yunifásítì Korea, kó àwọn èèyàn jọ, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń lo bùráúsà mìíràn náà rí ọ̀nà wọlé. Kò borí nílé ẹjọ́. Ohun tó wá jí ìjọba, ẹ̀wù ni. Ní 2014, eré orí tẹlifíṣọ̀n wọn kan gbajúmọ̀ kọjá ààlà, àwọn ará òkè òkun fẹ́ ra ẹ̀wù tí òṣèrébìnrin inú ẹ̀ wọ̀, wọn ò sì lè sanwó, torí wọn ò ní ìwé ẹ̀rí. Ààrẹ Park Geun-hye fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ nípàdé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìwé ẹ̀rí náà pàdánù ipò pàtàkì tí òfin fún un. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹfà ọdún 2022, Microsoft fúnra ẹ̀ sin Internet Explorer.

Mi ò rí àwọn tó ṣe ìlànà yẹn bí òpè. Ojú wọn là ní 1998. Ohun tí wọ́n ṣe tí mi ò fara mọ́ ni pé wọ́n kọ orúkọ irinṣẹ́ sínú ohun tó yẹ kó jẹ́ èròǹgbà. Irinṣẹ́ á gbó láàárín ọdún márùn-ún, ìlànà á sì máa rìn lọ fún ogún.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe òfin 40-bit náà ò mú un jẹ gbé. Ní 2015 ni àwọn olùwádìí ṣàwárí pé àwọn kọ́kọ́rọ́ aláìlágbára tí wọ́n ṣe fún òkè òkun láyé Netscape ṣì wà nínú ẹ̀rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé, kò sẹ́ni tó rántí yọ wọ́n. Ẹni tó bá jókòó sí àárín ọ̀nà, bíi lórí Wi-Fi ìta gbangba, lè tan bùráúsà àti báńkì pé kí àwọn méjèèjì padà sí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà, kó sì já a. Wọ́n pe àléébù yẹn ní FREAK. Òfin ti kú fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣì ń pa àwọn ọmọ ẹni tó ṣe é lára.

Nílé wa níbí, owó dátà ló ti ń yan bùráúsà fún wa ṣáájú ìjọba. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé Opera Mini ló wà lórí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rìn ní Under G. Ilé iṣẹ́ kan ní Norway ló ṣe é. Ohun tí wọ́n fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í jẹ dátà, ìdí tí kì í sì í jẹ dátà ni pé kì í lọ sí ojú ewé tí o fẹ́ kà fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí ilé iṣẹ́ Opera ní ló ń bá ọ lọ, á ka ojú ewé náà, á fún un pọ̀, á wá fi èyí tó ti kéré ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Ìyẹn dáa fún ìròyìn àti èsì bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ yẹn tó lè fún ojú ewé báńkì pọ̀, ó ní láti ṣí i kà ná. Ó dà bí ìgbà tí ìyá àgbà kan bá ní kí akọ̀wé bá òun kọ lẹ́tà sí ọmọ òun ní Kánò: bó ti wù kí wọ́n lẹ ẹnu àpòòwé náà tó, akọ̀wé ti gbọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Opera ò fi èyí pa mọ́. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sí ojú ewé ìbéèrè wọn pé ẹni tó bá fẹ́ kí àdììtú wà láti ọwọ́ ẹ̀ dé ọwọ́ báńkì láìsí ẹnikẹ́ni láàárín, kó lo bùráúsà kíkún. Mi ò sì gbọ́ pé wọ́n mú owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀ ní Òrílé Ìgbọ́n, tó ń fi dátà ọgọ́rùn-ún náírà wọ àkáǹtì láti san owó ilé ìwé, kò mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín, mi ò sì mọ ìlànà kankan tó ní kí báńkì sọ fún un. Ilé iṣẹ́ Opera yìí kan náà ló tún dá OPay sílẹ̀ ní 2018, tí ọ̀pọ̀ wa wá sá sí nígbà tí náírà di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ẹ rántí ìlà tó wà níwájú ẹ̀rọ ATM ní Takie lóṣù kejì ọdún yẹn. Àwọn tí ò fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rí láyé wọn kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ebi ló kọ́ wọn.

Àwọn tó ń ṣe bùráúsà náà ti di aṣòfin, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ dìbò yàn wọ́n. Ní 2011, àwọn olè wọ iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DigiNotar ní Netherlands, iléeṣẹ́ tó ń fún ojú ewé ní ìwé ẹ̀rí pé "èmi gan-an rèé." Àwọn olè náà tẹ ìwé ẹ̀rí ayédèrú tó jẹ́ orúkọ Google, wọ́n sì fi ṣọ́ àwọn èèyàn ní Iran. Nígbà tó lu síta, gbogbo bùráúsà ńlá ló yọ DigiNotar kúrò nínú àwọn tí wọ́n gbà gbọ́, láàárín oṣù kan iléeṣẹ́ náà ti wó. Ìjọba kankan ò lè yára tó bẹ́ẹ̀, mo sì yìn wọ́n.

Ọwọ́ kan náà ló ń gbá wa létí nígbà mìíràn. Ní 2018, Apple, Google, Microsoft àti Mozilla tó ni Firefox jọ kéde pé ọ̀nà àtijọ́ tí bùráúsà fi ń bá ojú ewé sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, TLS 1.0 àti 1.1, máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2020. Àwọn tó ń ṣòfin fún káàdì ìsanwó ti fún báńkì ní gbèdéke tiwọn ṣáájú, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2018. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, torí àléébù pọ̀ nínú ti àtijọ́. Àmọ́ ẹni tó san owó ẹ̀ ni ẹni tó ń lo fóònù tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lò kó tó kan òun. Ó bá ojú ewé báńkì ní pípa, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí fún un. Káfé kan wà tí mò ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí géètì ilé ìwé. Kọ̀ǹpútà àlòkù ló wà níbẹ̀, Windows 7 ló sì wà lórí wọn. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni Chrome ti dáwọ́ àtúnṣe dúró fún Windows 7. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀, Chrome ṣì ń ṣí, báńkì ṣì ń wọlé, ihò tó wà lára ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń dí i mọ́. Mo ní kí ọ̀gá káfé náà jẹ́ kí a gbé Firefox sí i, torí Mozilla ṣì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Windows 7 lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó gbà. Ó yẹ kí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ wa lórí gbogbo tíráńsífá, ìyẹn báńkì, ti sọ èyí fún un ṣáájú mi.

Bùráúsà tí àwọn ìyá wa ń lò gan-an kì í ṣe bùráúsà rárá. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ tó sì parí pẹ̀lú háàṣì ni, USSD, lórí fóònù itel tó ní bọ́tìnnì. Kò nílò dátà, ó ń ṣiṣẹ́ ní oko Ìrẹsà-Àdú bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Takie. Àmọ́ kò sí àdììtú láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ báńkì níbẹ̀, PIN tí ó tẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ẹni tó bá sì ti jí síìmù ẹ̀ ti mú ìdajì kọ́kọ́rọ́. CBN ò lè tún GSM ṣe. Ohun tí wọ́n ṣe ní 2018 ni pé wọ́n fi òrùlé lé àdánù: oníbàárà kan ò lè fi USSD gbé ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lọ lójúmọ́, àfi tó bá buwọ́ lùwé pé òun fara mọ́ ewu ẹ̀, owó tó bá sì ti ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí kejì yàtọ̀ sí PIN àkọ́kọ́. Àwọn oníṣòwò máa ń ráhùn pé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ti kéré jù lónìí, mo sì gbọ́ wọn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìlànà Àbújá lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó gbà pé irinṣẹ́ náà ní àléébù, ó sì wo bí owó tó máa bọ́ ṣe máa mọ níwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí àdánù já lé lórí, Amẹ́ríkà ti yanjú tiwọn láti 1978. Òfin wọn lórí owó tí ẹ̀rọ ń gbé sọ pé oníbàárà tó bá tètè fi tó báńkì létí, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tó mọ̀ pé káàdì òun sọnù, kò ní pàdánù ju àádọ́ta dọ́là lọ. Tí báńkì bá ní oníbàárà ló gbé owó náà, báńkì ló máa mú ẹ̀rí wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà kan náà, báńkì á kàn sọ pé ẹ̀rọ àwọn kì í ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ross Anderson, ọ̀jọ̀gbọ́n Cambridge tó kú ní 2024, yẹ ọ̀rọ̀ ATM àwọn méjèèjì wò ní ìbẹ̀rẹ̀ 1990s. Ohun tó rí ni pé àwọn báńkì tó mọ̀ pé àwọn ló máa san án kò sùn, àwọn tó lè tì í sí oníbàárà lọ́rùn ló dẹwọ́. Òfin 1978 yẹn ò sọ irú kámẹ́rà tàbí irú àdììtú tí báńkì Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ lò. Àpò wọn ló sọ fún wọn.

Mo rí i bó ṣe rí níbí nígbà tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta aṣọ, ẹni tí mo mọ̀ dáadáa. Màmá yá fóònù aládùúgbò ní kíákíá, ó pe báńkì ẹ̀, tí mi ò ní dárúkọ, pé kí wọ́n ti àkáǹtì náà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì tó dé báńkì, owó ti lọ ní ẹ̀mẹta. Ọmọ tó wà ní káńtà wò ó lójú, ó ní, "Mama, ẹ̀yin lẹ fún èèyàn ní PIN." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe torí owó nìkan, torí pé wọ́n pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn tí kò tó ọmọ ẹ̀ ni. Nígbà tó wá bá mi, mo ní, "Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ ká wo aago." A gba ìwé àkáǹtì, a wo wákàtí tí ó pè, tó wà lórí fóònù aládùúgbò ẹ̀, a wo wákàtí tí owó kọ̀ọ̀kan jáde. Àkọ́kọ́ jáde kó tó pè. Méjì tó tẹ̀ lé e jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn gbọ́. A kọ ọ́ sínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, láìbú ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá owó méjì yẹn padà. Ti àkọ́kọ́ lọ pátápátá.

Aago yẹn ni mo fẹ́ kí CBN kọ sínú ìlànà ní gbangba. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí fún owó tó há: ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, wọ́n ní tí ATM báńkì rẹ bá yọ owó lórí ìwé láìfún ọ, kó padà lójú ẹsẹ̀, tí ẹ̀rọ bá kọ̀, kó má ju wákàtí 24 lọ, ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48, POS, wákàtí 72. Ìlànà náà ò bìkítà irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó tí olè gbé. Láti ìṣẹ́jú tí oníbàárà bá ti ké gbàjarè, kí gbogbo náírà tó bá jáde di ti báńkì. Kí ẹ̀rí wà lọ́rùn báńkì, kì í ṣe lọ́rùn màmá tó ń ta aṣọ.

Yúróòpù ò dárúkọ irinṣẹ́ nínú ìlànà tí wọ́n mú lò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Wọ́n ní kí ẹni tó ń sanwó fi ẹ̀rí méjì hàn nínú mẹ́ta: ohun tó mọ̀, ohun tó ní lọ́wọ́, tàbí ohun tó jẹ́, bí ìka àti ojú. Ọ̀nà tí báńkì bá gbé e gbà, ọwọ́ ẹ̀ ló kù sí. Àdánù sì wà lọ́rùn ẹni tí kò bá ṣe é. Bí Àbújá bá fẹ́ wo ẹlòmíràn kọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe dán an wò láéláé pé kí gbogbo wa lo áàpù kan tàbí bùráúsà kan ṣoṣo, bó ti wù kó dáa tó lọ́dún tí wọ́n bá kọ ọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí ní Under G tàbí ní Sábó, ìdáhùn mi rèé. Bùráúsà èyíkéyìí tó ṣì ń gba àtúnṣe ló dáa: Chrome, Firefox, Safari, Edge. Tí ẹ bá ń lo Opera Mini, ẹ pa ìdín-dátà-kù tó le jù yẹn kí ẹ tó wọ báńkì, tàbí kí ẹ lo áàpù báńkì fúnra ẹ̀. Ẹ fọwọ́ yín kọ àdírẹ́sì báńkì, ẹ má tẹ ti inú àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ fi kóòdù sí síìmù, kì í ṣe sí fóònù nìkan, torí olè á yọ síìmù sínú fóònù tiẹ̀. Kí nọ́ńbà tí ẹ máa pè láti ti àkáǹtì wà nínú ìwé nílé, kó má ṣe wà lórí fóònù tí wọ́n máa jí.

Tó bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ aago tí ẹ pè sílẹ̀, kí ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gbé e. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú lẹ́tà lọ, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀dà méjì lẹ máa tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí báńkì sì buwọ́ lu ọ̀kan, kó fi ọjọ́ sí i, kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà.